Oyè Ọ̀mọ̀wé Lórí Eérún Nánò: Ẹ Wá Láàbù Kí Ẹ Tó Wá Ìlú

Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó kàwé gboyè nínú físíìsì máa ń béèrè ni pé: ìlú wo ni mo ti lè rí sikọ́láṣíìpù fi gba oyè ọ̀mọ̀wé? Èèyàn ò lè dá wọn lẹ́bi, nítorí ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ kò lè máa fi àkókò ṣòfò lórí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kò ní tó. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí eérún nánò, ìbéèrè yìí ti gba iwájú ìbéèrè tó jù ú lọ. Ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà ni yóò fi jókòó ti ẹ̀rọ kan náà, tí yóò fi máa gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀gá kan náà, tí yóò sì fi máa lépa ìdáhùn sí ìbéèrè kan náà. Bí ẹ̀rọ bá ń yọnu lójoojúmọ́, tí ọ̀gá kò ráyè tirẹ̀, tí iṣẹ́ náà kò sì wù ú, ìlú tó dára jù lọ láyé kò lè sọ ọdún wọ̀nyẹn di ayọ̀. Nítorí náà, iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí a tó wo ibi tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà.

Kí ni eérún nánò?

Bí a bá pín mítà kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ìpín kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ni nanomítà. Ohun tó bá wà láàárín nanomítà 1 sí 100 ni wọ́n sábà máa ń pè ní eérún nánò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onífísíìsì máa ń ka èyí tó fi díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ mọ́ ọn. Irun orí èèyàn fẹ̀ tó nanomítà 80,000 sí 100,000. Kì í ṣe kíkéré wọn nìkan ló gbé wọn níyì. Ohun tí a rò pé a mọ̀ dáadáa máa ń yí ìwà padà nígbà tó bá kéré tó bẹ́ẹ̀. Wúrà tó ń dán ní àwọ̀ yẹ́lò lọ́rùn ìyàwó máa ń di pupa fòò bí a bá sọ ọ́ di eérún tí kò ju nanomítà 20 lọ nínú omi. Michael Faraday ṣe irú omi wúrà bẹ́ẹ̀ ní Royal Institution ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1857, ó sì sọ pé wúrà tí ojú kò lè rí ló wà nínú rẹ̀. Lára ìgò tó fi ṣe iṣẹ́ náà ṣì wà níbẹ̀ títí dòní.

Ẹ̀ka mẹ́rin tó yẹ kí èèyàn mọ̀

Ẹ̀ka àkọ́kọ́ ni ti ìmọ́lẹ̀ àti irin. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá kan eérún wúrà tàbí fàdákà, àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú rẹ̀ á jọ máa mì lọ mì bọ̀, wọ́n á sì gbé àwọ̀ kan mì kúrò nínú ìmọ́lẹ̀ náà. Gustav Mie ti ṣe ìṣirò rẹ̀ ní Jámánì láti ọdún 1908. Ọ̀pọ̀ nínú ìlà pupa tí àwọn obìnrin ń rí lára àyẹ̀wò oyún tí wọ́n ń rà ní kẹ́míìsì, eérún wúrà ló ń pọ́n níbẹ̀. Ní Yunifásítì Southampton ní ọdún 1974, Martin Fleischmann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàkíyèsí pé ojú fàdákà tó ṣe págunpàgun máa ń mú kí ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ara kẹ́míkà jáde lágbára gan-an. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là fún àwọn tó ń wá bí wọn yóò ṣe fi ìmọ́lẹ̀ dá kẹ́míkà tó kéré jọjọ mọ̀, ìbáà jẹ́ oògùn apakòkòrò lára oúnjẹ tàbí àmì àìsàn nínú ẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀ka kejì ni eérún sẹmikọ́ńdọ́kítọ̀, tí ìwọ̀n rẹ̀ nìkan ń pinnu àwọ̀ tí yóò tàn. Alexei Ekimov rí i nínú gíláàsì ní Soviet Union ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 sókè, Louis Brus sì rí i nínú omi kẹ́míkà ní Amẹ́ríkà láìpẹ́ sí i. Moungi Bawendi ló wá ọ̀nà ní ọdún 1993 láti ṣe wọn kí gbogbo wọn dọ́gba. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jọ gba ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísírì ní ọdún 2023. Àwọ̀ mèremère tó ń jáde lára àwọn tẹlifíṣọ̀n kan lóde òní, iṣẹ́ wọn ni.

Ẹ̀ka kẹta ni ti òòfà. Eérún ọ́kísáìdì irin tó bá kéré tó máa ń di òòfà kan ṣoṣo tí ooru lásán lè yí orí rẹ̀ padà. Àwọn oníṣègùn ń lò wọ́n láti fi ya àwòrán inú ara, àwọn mìíràn sì ń wá bí wọn yóò ṣe fi wọ́n gbóná sára jẹjẹrẹ kí ó kú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Winston Oluwole Soboyejo, ọmọ Yorùbá tó kọ́ni ní Princeton, wà lára àwọn tó ṣe ìwádìí lórí bí irú eérún òòfà yìí ṣe lè wá jẹjẹrẹ ọmú rí.

Ẹ̀ka kẹrin ni èmi rò pé ọ̀dọ́ onífísíìsì kò gbọdọ̀ fojú fò: gbígbé eérún kan ṣoṣo dúró nínú òfìfo pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ lésà. Arthur Ashkin ló fi hàn ní ọdún 1970 ní Bell Labs pé ìmọ́lẹ̀ lè ti ohun kékeré, kó sì dì í mú. Ó gba Nobel fún iṣẹ́ náà ní ọdún 2018, nígbà tó ti pé ẹni ọdún 96. Ní ọdún 1907, Albert Einstein ti kọ ọ́ pé kò sí bí a ṣe lè wọn eré eérún tó ń jà gìrìgìrì nínú omi tàbí afẹ́fẹ́ ní ìṣẹ́jú pàtó tó ń sá a. Ní ọdún 2010, Tongcang Li, tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé nígbà náà lábẹ́ Mark Raizen ní Yunifásítì Texas ní Austin, gbé bíńtín gíláàsì kan sókè pẹ̀lú lésà nínú afẹ́fẹ́, ó sì wọn eré rẹ̀. Bíńtín náà fẹ̀ ju nánò lọ, ó tó máíkírómítà 3, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni. Nígbà tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Purdue, òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ mú kí eérún nánò kan máa yí ju ìgbà bílíọ̀nù 300 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan ní ọdún 2020. Ọdún náà gan-an ni ẹgbẹ́ Markus Aspelmeyer ní Vienna mú eérún gíláàsì tó tó nanomítà 143, tó ní átọ́ọ̀mù tó tó mílíọ̀nù ọgọ́rùn-ún nínú, tí wọ́n sì mú kí ìmìtìtì rẹ̀ rọlẹ̀ títí dé ibi tí òfin kúántọ́ọ̀mù kò ní jẹ́ kó tún rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 2021, àwọn ará Vienna àti ẹgbẹ́ Lukas Novotny ní ETH ní Zurich tún gba ọ̀nà mìíràn dé ibẹ̀. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ báyìí tóbi: ṣé ohun tó tó eérún yìí lè wà ní ibi méjì lẹ́ẹ̀kan náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe lè wà? Ìwé ẹ̀kọ́ kankan kò tíì ní ìdáhùn rẹ̀. Ẹni tó bá wọlé lónìí lè wà lára àwọn tí yóò mú un wá.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí lójoojúmọ́

Kí ẹnikẹ́ni tó kọ lẹ́tà sí ọ̀gá kankan, ó yẹ kó mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ yóò máa ṣe. Nínú láàbù lésà, wọ́n máa ń po eérún gíláàsì mọ́ ọtí kẹ́míkà, wọ́n á sì fọ́n ọn bí ìkùukùu pẹ̀lú nebuláísà, irú èyí tí wọ́n ń lò ní ọsibítù fún ẹni tó ní ikọ́ fée. Ìkùukùu náà á gba iwájú lẹ́ńsì kọjá, níbi tí lésà ti pàdé lójú kan. Akẹ́kọ̀ọ́ á máa wo ojú kọ̀ǹpútà. Lójijì, àmì funfun kan á yọ, á sì dúró: eérún kan ti kó sí pàkúté ìmọ́lẹ̀. Yóò máa mì tó ìgbà ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Iṣẹ́ gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n á tan ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ń tán, eérún á máa mì sí i, nítorí kò sí ohun tó ń dá a lẹ́kun mọ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ni yóò sì sá lọ kí òfìfo tó dá ṣáká, bí kò bá sí ètò tó ń fi ìmọ́lẹ̀ mú kí ìmìtìtì rẹ̀ rọlẹ̀. Wọ́n á tún fọ́n òmíràn. Tábìlì tí ẹ̀rọ wà lórí rẹ̀ máa ń léfòó lórí afẹ́fẹ́ kí ìró ẹsẹ̀ má baà dé ibẹ̀. Ẹni tí kò ní sùúrù kò lè pẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ̀gbẹ́ kejì ni ti ẹni tó ń se eérún fúnra rẹ̀. Ọ̀nà tí John Turkevich àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ sílẹ̀ ní ọdún 1951 ni wọ́n ṣì ń fi kọ́ àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀. A ó se omi tó ní iyọ̀ wúrà títí yóò fi hó, a ó sì da sódíọ́ọ̀mù sítíréètì sí i. Àwọ̀ yẹ́lò rẹ̀ á kọ́kọ́ pòórá, omi náà á dúdú bí ẹni pé iṣẹ́ ti bàjẹ́, lẹ́yìn náà ni yóò wá pọ́n. Bí ìgò kò bá mọ́ tónítóní, eérún á lẹ̀ mọ́ra wọn, gbogbo rẹ̀ á sì sílẹ̀ sí ìdí ìgò. Nígbà tó bá pọ́n tán, wọ́n á gbé e lọ sí ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀. Bí ó bá gbé ìmọ́lẹ̀ mì jù lọ níbi nanomítà 520 tàbí ìtòsí rẹ̀, a mọ̀ pé iṣẹ́ ti jọ.

Láàárín iṣẹ́ méjèèjì yìí, èèyàn lè mọ irú ẹni tí òun jẹ́. Àwọn kan fẹ́ràn okùn iná, lẹ́ńsì àti kọ̀ǹpútà; àwọn kan fẹ́ràn ìgò àti iná ìseǹkan. Ìyàtọ̀ yìí ló yẹ kó pinnu ibi tí a ó kọ lẹ́tà sí, kì í ṣe ìlú tí ọ̀rẹ́ wa lọ.

Ibi tí ilẹ̀kùn wà

Ọ̀nà kan kò wọjà. Ní Jámánì, Austria, Switzerland àti Netherlands, ẹni tó ń gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú físíìsì sábà máa ń jẹ́ òṣìṣẹ́ yunifásítì. Wọ́n á polówó ipò rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń polówó iṣẹ́, wọ́n á sì máa san owó oṣù fún un. Oyè másítà ni wọ́n máa ń béèrè kí wọ́n tó gbà á. Ní Jámánì, wọn kì í gba owó ilé ìwé lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé, bí kò ṣe owó táṣẹ́rẹ́ ti sáà kọ̀ọ̀kan. Ètò Marie Skłodowska-Curie ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣí sílẹ̀ fún ọmọ orílẹ̀-èdè èyíkéyìí, kìkì pé kò gbọdọ̀ ti gbé ní orílẹ̀-èdè tó ń lọ ju oṣù 12 lọ nínú oṣù 36 tó ṣáájú. Òfin yìí ṣe ẹni tó ṣì wà nílé lóore.

Ní Britain, ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ni. Southampton, UCL àti King's College ní Lọ́ńdọ̀nù ní àwọn tó ń gbé eérún sókè pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀, Cambridge sì ní ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé kan tó dá lórí nánò nìkan. Ohun tó le níbẹ̀ ni owó ilé ìwé àwọn àjèjì, tó ga ju ti ọmọ onílé lọ fíìfíì. Àwọn sikọ́láṣíìpù ìjọba tí àjọ UKRI ń pín fàyè gba àjèjì, ṣùgbọ́n iye wọn ní ààlà. Ọmọ Nàìjíríà tó bá fẹ́ ṣe físíìsì níbẹ̀ tún gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní ATAS kí ó tó gba físà. Kí ó tètè béèrè fún un.

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ní oyè àkọ́kọ́ nìkan lè wọlé tààrà, ṣùgbọ́n ọdún márùn-ún sí mẹ́fà ni yóò lò. Yunifásítì máa ń san owó ilé ìwé fún un, ó sì máa ń fún un ní owó ìgbọ́bùkátà nítorí pé ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kékeré tàbí ó ń ṣiṣẹ́ nínú láàbù. Purdue, Yale àti Northwestern ní àwọn tó mọ iṣẹ́ eérún tó ń léfòó dunjú. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé níbẹ̀ máa ń yọ̀ǹda owó fọ́ọ̀mù fún ẹni tó bá béèrè. Òfin físà wọn ń yí padà léraléra, nítorí náà kí èèyàn wo èyí tó wà lójú ọjọ́ kó tó náwó.

Ilẹ̀kùn méjì wà tí àwọn ọmọ wa kì í sábà kàn. Ọ̀kan ni South Africa. Láti ọdún 2011 ni Yunifásítì Nelson Mandela ní Gqeberha ti ní ibùdó maikirosíkóòpù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó lè fi átọ́ọ̀mù hàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítòsí Cape Town, ọ̀jọ̀gbọ́n Malik Maaza ń darí ipò ẹ̀kọ́ nánò tí UNESCO àti yunifásítì UNISA dá sílẹ̀ fún Áfíríkà, pẹ̀lú ilé ìwádìí iThemba LABS. Èkejì ni Brazil. Yunifásítì ìjọba níbẹ̀ kì í gba owó ilé ìwé, àjọ CAPES, CNPq àti FAPESP sì ń san owó ìgbọ́bùkátà fún àwọn tó ń gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ní Campinas, ibùdó CNPEM ní ilé ìwádìí nánò ti orílẹ̀-èdè àti Sirius, ẹ̀rọ ìmọ́lẹ̀ ńlá tí wọ́n ṣí ní ọdún 2018. Ó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ gba ibẹ̀ kọ́ èdè Potogí, ó sì ṣeé ṣe kí ìyẹn wà lára ìdí tí èrò kò fi pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ilé ńkọ́?

Àwọn kan gbà pé kò sí nǹkan kan nílé. Ìyẹn kì í ṣòótọ́. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹgbẹ́ ìwádìí nánò ti yunifásítì LAUTECH tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Agbaje Lateef jẹ́ aṣáájú rẹ̀ ti fi èèpo kòkó, èèpo obì gbànja àti òwú aláǹtakùn ṣe eérún fàdákà, wọ́n sì ti dán an wò lára kòkòrò àìsàn. Ní Ilé-Ifẹ̀, ibùdó ìwádìí agbára CERD ní ẹ̀rọ asáré-eérún tí wọ́n fi ń wo ohun tó wà nínú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ irin. Ní Abuja, yunifásítì AUST ń kọ́ni ní ìmọ̀ ohun èlò títí dé oyè ọ̀mọ̀wé, Soboyejo sì ti fìgbà kan darí rẹ̀.

Ìmọ̀ kòkòrò àìfojúrí ni gbòǹgbò iṣẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́. Àyè onífísíìsì ṣófo níbẹ̀. Báwo ni omi èèpo obì tó bo eérún fàdákà ṣe ń yí àwọ̀ rẹ̀ padà? Báwo ni eérún bẹ́ẹ̀ ṣe ń gbóná bí lésà bá kàn án? Báwo ni ó ṣe máa pẹ́ tó kó tó lẹ̀ mọ́ra? Ìbéèrè oyè ọ̀mọ̀wé ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ibi tí obì wà ni wọ́n sì ti yẹ kí wọ́n dáhùn wọn.

Ìṣòro ilé kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Iná mànàmáná tó ń lọ tó ń bọ̀ ń ba ẹ̀rọ òfìfo jẹ́. Ọ̀pọ̀ olùwádìí ń fi iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ sókè òkun kí wọ́n lè rí i lábẹ́ maikirosíkóòpù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, wọ́n á sì máa dúró de èsì. Ní ọdún 2022, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì, kò sì parí títí di oṣù kẹwàá.

Nítorí èyí ni ọ̀nà àárín fi wù mí jù: kí èèyàn forúkọ sílẹ̀ nílé, kó sì lọ lo ẹ̀rọ níbi tó wà. Commonwealth ní sikọ́láṣíìpù tó ń gbé irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ sí Britain fún oṣù tí kò ju 12 lọ. Ibùdó físíìsì ICTP ní Trieste, ní Ítálì, ní ètò STEP tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé fún oṣù díẹ̀ lọ́dọọdún. Àjọ OWSD ń ran àwọn obìnrin tó wá láti àwọn orílẹ̀-èdè tí sáyẹ́ǹsì wọn kò tíì rinlẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó bá gba ibí ní ọ̀gá méjì, ó lo ẹ̀rọ gidi, ìbéèrè rẹ̀ kò sì kúrò nílé.

Bí a ṣe ń yan ọ̀gá, àti bí a ṣe ń kọ lẹ́tà

Akẹ́kọ̀ọ́ nínú láàbù dà bí ọmọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá: ohun tí ọ̀gá bá mọ̀, tó sì fẹ́ fi hàn án, ni yóò mú lọ. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, nítorí náà kí ó wá akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níbẹ̀ lọ́wọ́ kàn. Kí ó bi í bóyá ọ̀gá máa ń wọ láàbù, iye ọdún tí àwọn tó ṣáájú fi parí, ibi tí wọ́n wà báyìí, orúkọ ta ni ó máa ń ṣáájú lórí ìwé tí wọ́n bá tẹ̀ jáde, àti ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe bó bá bàjẹ́. Ìdáhùn tó bá ṣe tìkọ̀tìkọ̀, ìdáhùn ni òun náà.

Lẹ́tà kan náà tí a fi ránṣẹ́ sí ọ̀jọ̀gbọ́n àádọ́ta kì í rí èsì. Èyí tó máa ń rí èsì máa ń kúrú. Ó máa ń dárúkọ iṣẹ́ kan pàtó tí láàbù náà ṣe, ó máa ń béèrè ìbéèrè kan tó mọ́gbọ́n dání lórí rẹ̀, ó sì máa ń sọ ohun tí ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́ ti ṣe rí. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń sọ pé àwọn kò ní ẹ̀rọ nìyí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó ṣeé ṣe nílé. Ẹ fi omi tó pọ̀ là wàrà díẹ̀, ẹ gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù ilé ìwé, kí ẹ fi fóònù ya fídíò rẹ̀. Ìkán ọ̀rá inú rẹ̀ yóò máa jà gìrìgìrì. Bí ẹ bá fi kọ̀ǹpútà tọpa wọn, tí ẹ sì mọ bí ìkán náà ṣe tóbi tó, ẹ lè ti inú ìjàgìrìgìrì yẹn ṣírò nọ́ńbà Boltzmann. Irú ìwọ̀n báyìí ni Jean Perrin ṣe ní Faransé láti ọdún 1908, tó fi dá aráyé lójú pé átọ́ọ̀mù wà, tó sì gba Nobel ní ọdún 1926. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi èsì tirẹ̀ sínú lẹ́tà, pẹ̀lú àlàyé ibi tó ti ṣì í àti bó ṣe mọ̀ pé òun ṣì í, ti fi ara rẹ̀ hàn bí olùwádìí kí wọ́n tó rí ojú rẹ̀.

Ohun tí àgbéyẹ̀wò yìí fi hàn

Àǹfààní pọ̀ ju bí àwọn ọ̀dọ́ wa ṣe rò lọ, wọn kò sì kó jọ sí ìlú méjì tàbí mẹ́ta tí gbogbo èèyàn ń sáré lọ. Ẹni tó bá ti mọ iṣẹ́ tó wù ú yóò rí i pé láàbù tó ń ṣe é dáadáa kò pọ̀, yóò mọ orúkọ wọn, yóò ka ìwé wọn, lẹ́tà rẹ̀ yóò sì yàtọ̀. Owó sábà máa ń tẹ̀lé irú ẹni bẹ́ẹ̀, nítorí láàbù tó ní owó ń wá ẹni tó mọ ohun tó ń wá.

Bí a bá sì ń sọ fún ọ̀dọ́ pé kí ó máa tẹ̀lé láàbù, àwa àgbà gbọ́dọ̀ ṣe ohun tí yóò jẹ́ kí ó lè yan ilé. Ẹ̀rọ maikirosíkóòpù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan tí yunifásítì mélòó kan jọ ni, tó ní iná tirẹ̀, tó ní ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe, tí owó àtúnṣe rẹ̀ sì wà nínú ìṣúná lọ́dọọdún, sàn ju ẹ̀rọ márùn-ún tí wọ́n fi ayẹyẹ ṣí tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́. Gqeberha ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe ní ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn gíwá yunifásítì wa àti TETFund, àjọ ìjọba tó ń fi owó ran ilé ìwé gíga lọ́wọ́, ni ìpinnu yìí wà lọ́wọ́ wọn. Kí wọ́n ṣe é, kí ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn eérún nánò lè ka Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ilé-Ifẹ̀ mọ́ Vienna àti Purdue nígbà tó bá ń kọ orúkọ àwọn láàbù tó fẹ́ lọ.